Igi Máa Ń Dá Káfíńtà Lóhùn

Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni ọ̀pọ̀ yín ti dìde wá, torí mo rí ìyẹ̀fun igi lára ṣòkòtò àwọn kan. Ẹ ṣeun tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ó ti rí okùn tí mo so mọ́ òrùlé gbọ̀ngàn yìí, tí òkúta kékeré kan rọ̀ nídìí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀ ná. Mo ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi í ṣe kí a tó túká.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni ìṣòro tó wà nínú fífi ẹ̀rọ kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń dá ọmọ lóhùn: o tẹ ibí, nǹkan yí padà lọ́hùn-ún. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà, mo fẹ́ gba inú ọjà wa kọjá. Ẹni tó bá ń gba títì Keffi wọ Àbújá, tó bá ti ń rí àga, bẹ́ẹ̀dì àti wọ́dúróòbù tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mọ̀ pé òun ti dé Kugbo.

Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbé rándà lé pákó fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀gá rẹ̀ lè má sọ nǹkan kan fún un. Bí ọmọ náà bá ti rándà lọ bí ìlà igi ṣe lọ, pákó á dán, ìhá igi á máa ká jáde bíi rìbọ́nì. Bó bá tì í lòdì sí ìlà igi, pákó á hu ẹ̀gún, rándà á máa ta, ọwọ́ ọmọ náà á gbọ̀n títí dé èjìká. Igi ti dá a lóhùn. Ọ̀gànwó ní bó ṣe ń dáhùn, apá ní tirẹ̀, igi tí kò tíì gbẹ ní ti ọ̀tọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fi ọdún mẹ́ta gbọ́ ìdáhùn wọ̀nyí dáadáa ni a máa ń ṣe fìrídọ̀mù fún.

Igi kò mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ iṣẹ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó jókòó kọ èsì sílẹ̀ fún un ṣáájú. Lórí fóònù, ọ̀tọ̀ ni. Ẹnì kan ti jókòó síbì kan, ó ti ro gbogbo ohun tí ọmọ lè tẹ̀, ó sì ti pèsè èsì sílẹ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan wọn. Èsì náà lè dára, ó lè péye, ṣùgbọ́n èsì tí ènìyàn kọ ni. Ásíìdì kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdí gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí wà.

Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Àbújá, Èkó àti Ògùn pa ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, ilé-ìwé ti wà ní títì ṣáájú. Àwọn ọmọ mi ní SS3 ní WAEC níwájú. Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Èmi kó àwọn ọmọ mi jọ sórí WhatsApp, mo sì wá àfarawé orí ẹ̀rọ fún wọn, ìyẹn àwòrán láàbù tí ọmọ lè fi ìka ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí bàbá rẹ̀ ń ṣe àga ní ọjà yìí. Títíréṣọ̀n, ìyẹn kíkán ásíìdì sínú álíkálì títí àwọ̀ yóò fi yí padà, ni mo kọ́kọ́ fún wọn. Ó fi ìka ṣí ẹnu bùrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí ásíìdì wà nínú rẹ̀, ásíìdì ń kán, àwọ̀ yí padà, ẹ̀rọ kọ iye ásíìdì tó lò jáde, 25.00, ìràwọ̀ mẹ́ta tàn. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà, 25.00 ló ń rí. Mo yìn ín. Mo rò pé mo ti kọ́ ọ.

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ni wọ́n gbà kí àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò àṣejáde padà wọlé, ìdánwò sì máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17. Ọ̀sẹ̀ méjì péré la ní. Ọmọ yìí dúró níwájú bùrẹ́ẹ̀tì gidi, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kíní, ó rí 24.30. Ó tún un ṣe, 24.60. Ó tún un ṣe, 24.40. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, omijé ti ń bọ́ sórí ìwé rẹ̀, ó sì ti fi bírò pa gbogbo iye náà rẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti bà á jẹ́. Mi ò rí ẹyọ kan tó jọra wọn."

Ẹ̀yin òbí, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tó ṣe ni sáyẹ́ǹsì. Ojú tó fi wo ibi tí omi dé lè ga díẹ̀ tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀kán kan lè ti ṣẹ́ kù lẹ́nu bùrẹ́ẹ̀tì. Afẹ́fẹ́ lè wọ pìpẹ́ẹ̀tì tó fi wọn álíkálì. Nínú ìdánwò, a kì í retí pé kí iye mẹ́ta ṣe rẹ́gí. A máa ń wá èyí tí ìyàtọ̀ àárín wọn kò ju 0.20 lọ. Nínú tirẹ̀, 24.30 àti 24.40 ló sún mọ́ ara wọn jù, a ro wọ́n pọ̀, a pín in sí méjì, ó di 24.35. Èyí tó jẹ́ 24.60, a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó rántí pé òun yára nígbà tí àwọ̀ fẹ́ yí. Ìbéèrè kan yẹn kọ́ ọ ju oṣù mẹ́rin tó lò lórí fóònù lọ. Ẹ̀bi mi ni pé mo jẹ́ kó lo oṣù mẹ́rin pẹ̀lú ohun èlò tí kò lè ṣàṣìṣe, tí mo sì pè é ní láàbù.

Àwọn ohun mìíràn tún wà tí gíláàsì fóònù kò lè gbé wá. Bí ọmọ bá ń lo methyl orange, láti yẹ́lò ni àwọ̀ yóò ti yí sí àwọ̀ ọsàn, ẹ̀kán kan ló sì máa ń yí i. Lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú tí ojú rẹ̀ ti sán, tí wọ́n ti dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù kí bátìrì lè pẹ́, yẹ́lò àti ọsàn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí a bá da sodium hydroxide sínú iyọ̀ kan, tí a gbé e sórí iná, tí afẹ́fẹ́ kan jáde tó ta ni nímú, ọmọ tó bá ti dé ilé adìẹ rí yóò mọ òórùn náà lójú ẹsẹ̀: ammonia ni. Lórí ẹ̀rọ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "òórùn líle". Ọmọ ka òórùn, kò gbọ́ ọ. Bí a bá da sodium hydroxide gbígbẹ sínú omi, ife á gbóná mọ́ni lọ́wọ́. Mo ti rí ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀ nítorí ìyàlẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, kò gbàgbé pé ìyípadà kan wà tó ń tú ooru jáde.

Ṣùgbọ́n mi ò wá síbí láti gbógun ti ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbẹ́ kejì bó ṣe rí. Carl Wieman, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001, ló dá iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní PhET sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní 2002. Ọ̀fẹ́ ni àfarawé wọn, ó sì wà ní èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní 2005, àwọn olùwádìí ní yunifásítì náà tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi wáyà, bátìrì àti gílóòbù gidi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan nípa iná mànàmáná, wọ́n sì fi àfarawé kọ́ àwọn kan. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wọn wá so wáyà gidi pọ̀, àwọn tó lo àfarawé ló ṣe dáadáa jù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, ó yà mí lẹ́nu, mo sì tún un kà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Nínú wáyà gidi, ẹnikẹ́ni kò rí ohun tó ń lọ. Nínú àfarawé, ọmọ ń rí ẹlẹ́kítíróònù tó ń rìn, ó ń rí i pé wọn kò tán sínú gílóòbù bí epo ṣe ń tán nínú àtùpà. Ohun tí ojú kò lè rí ni àfarawé mọ̀ ọ́n fi hàn. Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí ibi tí wọ́n ti ṣe é: nínú yàrá kan ni, kọ̀ǹpútà wà níwájú wọn, olùkọ́ ń rìn láàárín wọn, wáyà gidi sì ń dúró dè wọ́n lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ẹ wá gbé e wá sí inú yàrá kan ní Kugbo, ní aago mẹ́jọ alẹ́.

Fóònù tó lè ṣí àfarawé náà, ti bàbá ni. Bàbá ti gbé e jáde láàárọ̀ kùtùkùtù, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya kò sì jẹ́ kó tètè dé. Nígbà tó dé, ọmọ mẹ́ta ló ń dúró de fóònù kan, bátìrì rẹ̀ sì ti fẹ́ kú. Bí iná bá wà, ẹ mọ̀ pé ó wọ́n: ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn oníbàárà tí wọ́n ń pè ní Band A sí ₦225 fún yúnìtì kan. Bí kò bá sí iná, epo jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdajì kún owó wọn. Olùkọ́ tó bá ní kí ọmọ wo fídíò wákàtí kan, owó oúnjẹ ilé ẹlòmíràn ló ní kí wọ́n mú wá yẹn. Àfarawé PhET ní tirẹ̀ kò wúwo, mẹ́gábáìtì díẹ̀ ni, a sì lè gbà á sílẹ̀ ká lò ó láìsí nẹ́tíwọọ̀kì. Fídíò ló ń jẹ dátà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò mọ ìyàtọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ wọn.

Ẹ̀rọ náà sì ń kú. Ọ̀pọ̀ àfarawé tí àwọn olùkọ́ ti kó jọ ní ọdún gbọọrọ, orí Flash ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Adobe fi Flash sílẹ̀, ohun tó ń ṣí lánàá kò ṣí mọ́. Pìpẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà ní ọdún tí mo wọṣẹ́ olùkọ́, a ṣì ń lò ó.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Nínú kíláàsì, mo máa ń mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kò yé ọmọ. Ojú rẹ̀ á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa fi bírò ya nǹkan sórí tábìlì. Mo lè lọ dúró tì í láìsọ̀rọ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ogójì ni mò ń wò, gbogbo wọn ti pa makirofóònù. Mo bi wọ́n pé ṣé ó yé yín, ẹnì kan kọ "yes sir", àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń dáni lóhùn ti sọ èmi àti wọn di odi fún ara wa.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Ilé-Ifẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti jà níbẹ̀ kí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lè dá ọmọ lóhùn ní tòótọ́, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n. Ní 1998, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jesús del Alamo ní MIT, Amẹ́ríkà, so ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ transistor wò mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lò ó láti inú yàrá rẹ̀ ní òru. Iṣẹ́ náà gbèrú, wọ́n pè é ní iLab. Pẹ̀lú owó Carnegie Corporation ti New York, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú Makerere ní Uganda àti Yunifásítì Dar es Salaam ní Tanzania. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe àwòrán ohun èlò ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ìka tẹ̀ ní Ifẹ̀. Transistor gidi wà níbì kan, iná gidi ń gba inú rẹ̀ kọjá, iye tó ń bọ̀ wá sí ojú kọ̀ǹpútà sì máa ń mì díẹ̀, bí iye akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi níwájú bùrẹ́ẹ̀tì ṣe mì. Ọ̀nà jìn, ṣùgbọ́n ohun tó dáhùn kì í ṣe irọ́.

Ìṣòro tó wá bá wọn ni tiwa náà. Okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí yunifásítì ní nígbà náà tín-ín-rín, kíláàsì ńlá ni wọ́n sì ní. Wọn ò jókòó de ìgbà tí okùn yóò gbòòrò. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Ifẹ̀ kọ́ láàbù orí ẹ̀rọ tiwọn sínú ọgbà, ọ̀kan lára rẹ̀ sì wà fún operational amplifier, kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn lè dé ọ̀dọ̀ ohun èlò gidi láìsọdá òkun. Mo máa ń sọ fún àwọn olùkọ́ ọ̀dọ́ pé ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ju rírà áàpù lọ: wọ́n mọ ohun tí wọn kò fẹ́ pàdánù, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn dáàbò bò ó.

Ìjà àkọ́kọ́ ti ṣáájú ìyẹn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ sí ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Èdè Gẹ̀ẹ́sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ bíi gbogbo iṣẹ́ yòókù. Àbọ̀ ìwádìí wọn ni pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá kò rẹ̀yìn. Kí ló kan íntánẹ́ẹ̀tì? Ó kàn án púpọ̀. Nínú kíláàsì, bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ojú ọmọ sì di, mo lè yà sí Yorùbá, mo lè yà sí Haúsá tí mo gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí n tó padà. Ẹ̀rọ kì í yà. Àṣẹ tó bá kọ síbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ máa tẹ̀ lé, bó yé e, bí kò yé e.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ó dùn mí, mi ò sì ní fi pamọ́. Mo mọ̀ pé ní Kugbo níbí, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bíi ti Modákẹ́kẹ́. Ilẹ̀ Gbagyi la wà. Nínú kíláàsì mi, ọmọ Gbagyi, Haúsá, Tiv, Ígbò àti Yorùbá ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Èmi kan ṣoṣo kò lè sọ èdè márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè ṣe é, bí a bá kọ ọ́ sínú rẹ̀! Èyí ni ibi tí ẹ̀rọ ti lè ṣe ohun tí olùkọ́ kò lè ṣe, tí ọwọ́ gbogbo wa sì jìnnà sí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ kọ̀ǹpútà, PhET ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń jẹ́ kí olùkọ́ àti àwọn olùyọ̀ǹda túmọ̀ àfarawé. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni.

Kí la wá lè ṣe láti ọ̀la lọ? Mo fẹ́ kí a yí iṣẹ́ fóònù padà. Kí ọmọ má wá èsì nínú fóònù. Kí ó gbé èsì tí ayé fún un wá sínú fóònù. Sóbò tí ẹ ń mu yẹn, ìṣápá pupa ni. Ẹ sè díẹ̀ láìfi ṣúgà sí i. Ẹ pín in sí ife mẹ́ta. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan, yóò pọ́n sí i. Ẹ da omi eérú tí ẹ ti sẹ́ sínú èkejì, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, pupa yóò lọ, yóò máa yí sí búlúù tàbí àwọ̀ ewé. Ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ bó ṣe wà. Ásíìdì àti álíkálì nìyẹn, owó rẹ̀ kò tó owó dátà ọjọ́ kan. Kí ọmọ ogójì ya fọ́tò tiwọn ránṣẹ́, kò ní sí méjì tó dọ́gba, a ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti ibẹ̀: eérú igi wo lo lò? Báwo ni omi rẹ ṣe pọ̀ tó?

Áàpù kan wà tí Yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì gbé jáde ní 2016, phyphox lorúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ó ń sọ ohun tó ń mọ̀ bí fóònù ṣe mì, ohun tó ń gbọ́ ohùn, di ohun èlò ìwọ̀n, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kolibri tí ẹgbẹ́ Learning Equality ṣe: kọ̀ǹpútà kékeré kan nínú kíláàsì á máa pín ẹ̀kọ́ fún fóònù tó yí i ká láìfi dátà kankan ṣòfò. Àwọn tó ń kàwé ní National Open University, NOUN, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Jabi lọ́hùn-ún, mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun dá a dúró ní 1984, ó padà ní 2001. Ẹ̀kọ́ láti òkèèrè kò ṣàjèjì sí wa. Ohun tó kù ni pé kí ẹgbẹ́ òbí yìí fi owó tó fẹ́ fi ra áàpù ra bùrẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, kí wọ́n sì ṣí láàbù sílẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé fún ọmọ tó fi ọ̀sẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù.

Ó ku okùn wa. Mítà kan ni, láti òkè tí mo so ó mọ́ títí dé àárín òkúta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú fóònù yín jáde, ẹ ṣí ibi tí ẹ fi ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Màá fa òkúta náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, màá sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá lọ tó sì padà síbi tó ti kúrò, ẹyọ kan nìyẹn. Ẹ ka ogún, kí ẹ sì wo iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà. Mi ò ní sọ iye tó yẹ kí ẹ rí. Ẹni tó bá ní bírò, kó kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Bí tìrẹ bá yàtọ̀ sí ti ẹni tó jókòó tì ọ́, má pa á rẹ́. Ẹ jọ wò ó kí ẹ tó pè mí.

Mo ti mú òkúta náà dání. Ṣé ẹ ti múra tán?

Ó yá.